Dìgírì Honours: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Akute Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Yan Kọ́ọ̀sì

Ìwé ìlàlóye yìí wà fún òbí, alágbàtọ́ àti ọ̀dọ́ tó ń gbé ní Akute, Ajuwọn, Alágbọlé, Lámbe àti àyíká wọn ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfọ̀, títí dé Ìbàfò àti Mówè ní Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ẹ kà á nílé kí ẹ tó lọ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún JAMB. Ẹni tó ń bá èrò tẹ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ kò ráyè àlàyé, èrò mìíràn ti tò sẹ́yìn yín. Bẹ́ẹ̀ sì ni kọ́ọ̀sì tó bá tẹ̀ síbẹ̀, ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ọmọ yóò fi gbé e rù.

Kí ni wọ́n ń pè ní honours?

Ọ̀rọ̀ yìí tí ẹ máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ B.A., B.Sc., B.Ed. tàbí LL.B. kì í ṣe oríyìn tí wọ́n fún ọmọ tó mọ̀wé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe to ẹ̀kọ́ náà ló ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbájú mọ́ ìmọ̀ kan, yóò máa jinlẹ̀ sí i lọ́dọọdún, ní ọdún tó kẹ́yìn yóò fúnra rẹ̀ ṣe ìwádìí, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti gbèjà ohun tó kọ. Project ni tọmọdé tàgbà ń pe iṣẹ́ àṣekágbá yìí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣírò gbogbo máàkì rẹ̀ láti ọdún tó wọlé, kí wọ́n tó mọ ipò tí wọ́n máa fún un.

Láti Lọ́ńdọ̀nù ni ìlànà ipò yìí ti wọ orílẹ̀-èdè wa. Nígbà tí wọ́n dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló wà, dìgírì Lọ́ńdọ̀nù sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbà títí ilé ẹ̀kọ́ náà fi gba òmìnira ní 1962. Yunifásítì Nsukka tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960 ló mú ẹ̀kọ́ gbogboogbò wá láti Amẹ́ríkà. Ohun tí ọmọ yín máa bá ní yunifásítì lónìí, àdàlù méjèèjì ni.

Kì í ṣe gbogbo dìgírì ló ní ipò. MBBS tí àwọn dókítà ń gbà kò ní first class, kò ní two-one. Bẹ́ẹ̀ náà ni DVM ti dókítà ẹran. Bí ẹnì kan bá ní òun gba first class nínú MBBS, ẹ rọra bi í léèrè dáadáa. HND tí wọ́n ń gbà ní Federal Polytechnic Ìlárò tàbí Moshood Abiola Polytechnic ní Abẹ́òkúta kì í ṣe dìgírì rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀ka kan ló gbà á, ẹ̀ka púpọ̀ ló ń kọ́ ọ

Àwọn òbí máa ń rò pé ọmọ tó wọlé sí Economics, Economics nìkan ni yóò máa kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kìíní, yóò lọ gba ìmọ̀ ìṣirò àti statistics lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi wọ́n jẹun. Yóò ṣe GST pẹ̀lú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àwọn bí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀kọ́ nípa àwọn ènìyàn àti àṣà Nàìjíríà. Tó bá yá, yóò ṣe ENT, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀. Ẹ̀ka tirẹ̀ ní kọ́ọ̀sì dandan, ó sì ní èyí tó fi sílẹ̀ fún un láti ṣà.

Àjọ tó ń rí sí yunifásítì, NUC, gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun kan jáde ní oṣù Kejìlá 2022. CCMAS ni wọ́n ń pè é. Nínú ìlànà yìí, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń kọ́ ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bára mu káàkiri Nàìjíríà, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló sì máa fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìdá 30 tó kù kalẹ̀. Ìdá 30 yìí la fẹ́ kí ẹ béèrè. Microbiology ti yunifásítì kan lè fì sí oúnjẹ àti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, ti òmíràn sì lè fì sí àìsàn. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà wá iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ kò ní jọra.

Àwọn kọ́ọ̀sì kan tilẹ̀ ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Mass Communication tí gbogbo wa mọ̀, NUC ti tú u sí méje: iṣẹ́ ìròyìn wà lọ́tọ̀, iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n lọ́tọ̀, ìpolówó ọjà lọ́tọ̀, fíìmù lọ́tọ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó ń sọ pé "mo fẹ́ ṣe Mass Comm" gbọ́dọ̀ lè sọ èwo nínú méjèèje.

Ọ̀rọ̀ B.Sc. Ed. àti B.A. Ed. ń dùn wá díẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí a máa fajú ro bí JAMB bá gbé ọmọ lọ sí fákọ́tì ẹ̀kọ́ olùkọ́, bí ẹni pé wọ́n fún un ní èyí tó ṣẹ́kù. B.Sc. Ed. Mathematics, honours ni. B.A. Ed. Yorùbá, honours ni. Ọmọ ń kọ́ ìmọ̀ náà gan-an, ó tún ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi í kọ́ ẹlòmíràn, ó sì ń lọ dúró níwájú ọmọ iléèwé láti dánra wò kí ó tó jáde. Ẹ ka iye iléèwé aládàáni tó wà láti Akute dé Ajuwọn, kí ẹ wá sọ fún wa pé kò sí ibi tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa gbà.

Máàkì àti ipò

Apá yìí ló yẹ kí ọmọ fúnra rẹ̀ kà, kó sì tún un kà. Ọ̀pọ̀ ń mọ ìṣirò yìí nígbà tó bá ti dé ọdún kẹta, ọwọ́ ti fẹ́ bọ́.

Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní yúníìtì, ìyẹn bó ṣe wúwo tó. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, máàkì 70 sókè ni A, ó sì jẹ́ àmì 5. Láti 60 dé 69 ni B, àmì 4. Láti 50 dé 59 ni C, àmì 3. Láti 45 dé 49 ni D, àmì 2. Láti 40 dé 44 ni E, àmì 1. Ohun tó bá wálẹ̀ ju 40 lọ, F ni, òfìfo. Ẹ ó fi àmì ìlọ́po yúníìtì, ẹ ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ ó sì fi iye yúníìtì pín in. Ohun tó bá jáde ni GP.

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ṣe kọ́ọ̀sì mẹ́fà ní sáà kan. Mẹ́ta jẹ́ yúníìtì 3 ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó gba A, B àti C nínú wọn: 15, 12 àti 9. Mẹ́ta yòókù jẹ́ yúníìtì 2, ó gba A àti B, ó sì gba F nínú GST tó rò pé kò tó nǹkan: 10, 8 àti òfìfo. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 54, yúníìtì rẹ̀ jẹ́ 15, GP rẹ̀ jẹ́ 3.60. Ká ní ó ṣe wàhálà díẹ̀ gba C nínú GST yẹn, 4.00 ni ì bá ní. Kò tán síbẹ̀ o. Yóò gbé kọ́ọ̀sì náà lọ sí ọdún tó ń bọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní carry-over, bó bá sì wá yege, F àkọ́kọ́ kì í parẹ́ nínú ìṣirò ní ọ̀pọ̀ yunifásítì.

Ipò tí gbogbo rẹ̀ máa já sí nìyí, nínú ìlànà alámì márùn-ún: 4.50 dé 5.00 ni first class, 3.50 dé 4.49 ni two-one, 2.40 dé 3.49 ni two-two, 1.50 dé 2.39 ni third class.

Ọdún kìíní ló ń ba èyí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òbí, ẹnikẹ́ni kì í jí wọn láàárọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ kan ṣe yúníìtì 40 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́rin. Ó gba 2.00 ní ọdún kìíní, ó wá ronú, ó ń gba 4.00 ní ọdún mẹ́ta tó kù láìyẹ̀. Ní ìparí, 3.50 géérégé ni yóò ní, two-one bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ 1.90 ló gba ní ọdún kìíní yẹn, two-two ni yóò gbé lọ sílé. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá kì í sì wo ìwé ẹni tí kò ní two-one, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í gba third class tààrà sí Master's.

Ọmọ tó gba Direct Entry, ìyẹn ẹni tó fi NCE, OND, A-level tàbí JUPEB wọlé sí 200 level, ọdún rẹ̀ kéré, nítorí náà kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe máa wúwo ju ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti 100 level lọ.

Àwọn yunifásítì tó súnmọ́ wa

Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè ni yunifásítì ìpínlẹ̀ wa, 1982 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Òfin àti ìmọ̀ ìṣègùn wà níbẹ̀. FUNAAB ní Abẹ́òkúta, tó di yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní 1988, jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń gba dìgírì iṣẹ́ àgbẹ̀, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lo àkókò gígùn lóko. Tai Solarin ní Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 2005, ìjọba àpapọ̀ sì ti gbà á. Lọ́nà Èkó, UNILAG wà ní Akọka, LASU wà ní Ọ̀jọ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa ti Akute lọ Akọka lójoojúmọ́, kó kọ́kọ́ ro ti sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Berger mọ́ lẹ́kíṣọ̀ aago mẹ́jọ àárọ̀. Ti aládàáni pọ̀ lágbègbè wa: Mountain Top University wà lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, Christopher University wà ní Mówè, Covenant àti Bells wà ní Ọ̀tà.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya ará Akute lẹ́nu. Púpọ̀ nínú wa ló wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn kọ́lé síbí. Gbígbé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kò sọ ọmọ di ọmọ Ògùn lójú JAMB. Ìpínlẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti wá ni fọ́ọ̀mù ń béèrè. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ fún yunifásítì rẹ̀ ni pé ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa fi máàkì nìkan mú, ìdá 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì ká, ìdá 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Yunifásítì ìpínlẹ̀ náà sì sábà máa ń gba owó tó pọ̀ sí i lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀. Ẹ ṣírò èyí kí ẹ tó yàn.

Òǹtẹ̀ méjì

Yunifásítì lè ní àṣẹ kí ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ má ní. Òǹtẹ̀ kìíní jẹ́ ti NUC, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló sì ń yẹ̀ wò. Èyí tó bá yege pátápátá ń gba ọdún márùn-ún kí wọ́n tó padà wá, èyí tó kù díẹ̀ káàtó ń gba ọdún méjì, èyí tó bá kùnà kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Orúkọ wọn wà lórí ìkànnì NUC, ẹ rí i pé ẹ wò ó.

Òǹtẹ̀ kejì jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn. Dìgírì òfin nílò ìfọwọ́sí Council of Legal Education kí ọmọ tó lè lọ sí Law School. Iṣẹ́ ẹ̀rọ nílò ti COREN. Nọ́ọ̀sì nílò ti ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Ọmọ tó bá gba dìgírì láìní òǹtẹ̀ kejì yìí lè ní ìwé ẹ̀rí, kó má ní iṣẹ́ tó fi í kọ́.

Ìgbàwọlé náà gbọ́dọ̀ gba orí CAPS ti JAMB, níbi tí ọmọ ti máa fúnra rẹ̀ tẹ "accept". Ẹni tó bá ní òun ní ọ̀nà ẹ̀yìn tí kò ní kan CAPS, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un. Bí ọmọ bá tilẹ̀ jókòó ní kíláàsì fún ọdún mẹ́rin, NYSC kò ní gbà á.

Owó, àti ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́

Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹrin 2024 ló gbé NELFUND dìde. Ẹ̀yáwó náà kò ní èlé. Yunifásítì ni wọ́n ń san owó iléèwé fún tààrà, wọ́n sì tún ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ àti ọkọ̀. Iléèwé ìjọba nìkan ló wà fún. Ọmọ tó wà ní ti aládàáni kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n kò ní béèrè owó náà títí di ọdún méjì lẹ́yìn NYSC, nígbà tí wọ́n máa máa yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Kí ẹ ní NIN àti BVN ọmọ lọ́wọ́, kí orúkọ tó wà nínú méjèèjì sì bá ti JAMB mu dé orí lẹ́tà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń jí lọ Èkó ní agogo márùn-ún tí ẹ sì ń padà dé lóru, National Open University, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NOUN, ní ibùdó ní Èkó àti ní Abẹ́òkúta, honours sì ni dìgírì rẹ̀. UNILAG àti Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ó tó parí kò ní lọ sìnrú ìlú. Ìwé ìyọǹda ni NYSC máa fún un, ìwé yìí náà sì ni agbanisíṣẹ́ máa béèrè, nítorí náà kó má fi gbígbà rẹ̀ falẹ̀.