Ìdánwò gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n Òdodo: Ẹ̀kọ́ Kan láti Inú Ìtàn Amẹ́ríkà

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1869, ojú irin tí a tẹ̀ láti ìlà-oòrùn pàdé èyí tí a tẹ̀ láti California ní ilẹ̀ Utah. Láti ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ irin àti ti epo rọ̀bì ti ń pọ̀ sí i ní Amẹ́ríkà lọ́nà tí ó ya gbogbo ayé lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí Mark Twain àti Charles Dudley Warner kọ ní 1873, wọ́n fi àkókò náà wé ohun tí a fi wúrà bò lójú lásán. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Kí ni ó wà lábẹ́ wúrà náà? Ìjọba fún ilé-iṣẹ́ Union Pacific ní ilẹ̀, ó sì yá a lówó láti tẹ ojú irin. Àwọn ọ̀gá kan níbẹ̀ gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tí ń jẹ́ Crédit Mobilier, èyí tí ó jẹ́ tiwọn. Àwọn ni ó ń gbéṣẹ́ fúnni, àwọn náà ni ó ń gbaṣẹ́; nítorí náà, owó gegere ni wọ́n ń bù lé e. Kí àwọn aṣòfin má baà tọpinpin, aṣòfin Oakes Ames ta ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ náà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀. Àṣírí tú ní 1872.

Ìyà àwọn òṣìṣẹ́ kò kéré. Ní 1892, nígbà tí ilé-iṣẹ́ irin Andrew Carnegie ní Homestead fẹ́ dín owó iṣẹ́ kù, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àti ẹ̀ṣọ́ tí a háyà, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Iṣẹ́ ọba pàápàá ti di ẹ̀bùn. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó bá wọlé a fi àwọn ènìyàn rẹ̀ sípò, àwọn wọ̀nyí a sì máa dá nínú owó oṣù wọn fún ẹgbẹ́. Ní 1881, Charles Guiteau, ẹni tí ó wá ipò tí kò rí i, yin Ààrẹ James Garfield níbọn. Ọgbẹ́ náà ni ó pa á. Èyí ni ó jẹ́ kí wọ́n ṣe òfin ní 1883 pé ìdánwò ni a ó fi gba ènìyàn sí àwọn iṣẹ́ ọba kan. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni òfin náà kàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbilẹ̀.

Ìdánwò nìkan kò mú ìwà àjẹbánu kúrò. Síbẹ̀, ó la ọ̀nà fún ọmọ tálákà, nítorí ìdánwò òtítọ́ kì í béèrè pé, ta ni bàbá rẹ?

Ìdí nìyí tí a fi rò pé ọ̀rọ̀ yìí yẹ àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Òbí tí ó bá sanwó kí a lè pe ìdáhùn fún ọmọ rẹ̀ nínú ìdánwò WAEC tàbí NECO ń ra ipò ọmọ ẹlòmíràn, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó. Akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ó di ọ̀gá, tí ó wá pa èsì ìdánwò tì nítorí lẹ́tà ẹni ńlá, iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ọlọ́run tí ó kórìíra òṣùwọ̀n èké nínú ọjà kò ní gbà á nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí a dáàbò bo òṣùwọ̀n yìí fún àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn.