Eré Alárìnjó

Eré Alárìnjó jẹ́ eré oníjó ilẹ̀ Yorùbá tí ó ṣẹ̀ láti inú ìsìn Egúngún ní ààfin Aláàfin Ọ̀yọ́. A tún ń pè é ní Eégún Apidán tàbí Agbégijó. Abẹ́ aṣọ àti ère ni àwọn òṣèré ti ń jó, tí wọ́n ń pidán, tí wọ́n sì ń kéwì.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921 pé, nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó ìjọba kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, inú àwọn ìjòyè kò dùn sí i. Wọ́n rán ènìyàn mẹ́fà lọ ṣe bí iwin níbẹ̀, kí ẹ̀rù lè ba àwọn ìránṣẹ́ ọba: abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá, arọ, àti ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síwájú. Ọba rán àwọn ọdẹ lọ mú wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀. Onímọ̀ eré orí ìtàgé Joel Adédèjì so ìbẹ̀rẹ̀ eré náà mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí.

Àwọn tí wọ́n yàn kì í ṣe èèṣì. Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, ẹni òrìṣà ni abuké, àfín, aràrá àti arọ: Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Bí àwòrán wọn bá jáde lójú agbo, ẹ̀rín lè sọ, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ wà nídìí rẹ̀.

Ìlànà eré

Ìjúbà ló ń ṣáájú. Òṣèré a júbà àwọn baba ńlá, àwọn àgbà àti àwọn alágbára ayé, nítorí ìgbàgbọ́ wà pé eré tí kò bá júbà kò ní gún. Irú rẹ̀ wà ní Tháílàndì, níbi tí àwọn òṣèré Khon, eré ààfin tiwọn, ti máa ń bọ̀wọ̀ fún àwọn olùkọ́ wọn.

Lẹ́yìn ìjúbà ni ijó bàtá àti idán máa ń tẹ̀ lé e, níbi tí eégún kan náà ti lè di ẹranko kí ojú tó ṣẹ́. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń bú àṣà burúkú àti àjèjì. Ní oṣù Èrèlé 1826, Hugh Clapperton wo irú eré bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ó rí àwọn tí ń tàkìtì nínú àpò, ó rí òjòlá ńlá kan, ó sì rí “òyìnbó” funfun kan tí ń fọwọ́ rawọ́ bí ẹni tí òtútù mú. Òun gan-an ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà.

Lẹ́yìn ààfin

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí 1835, ààfin tí ń tọ́jú eré náà pàdánù agbára rẹ̀. Ìdílé ni ó gbé e dúró. Àwọn ọmọ ọ̀jẹ̀, tí orúkọ wọn máa ń jẹ́ Ọ̀jẹ̀wálé tàbí Ọ̀jẹ̀dìran, ń kọ́ iwì àti idán lẹ́yìn baba wọn láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ó ṣì ń fi orin àti ijó ṣí eré rẹ̀ bí ìjúbà. Ṣùgbọ́n aṣọ eégún ti kúrò lára, ojú òṣèré sì ti hàn.