Ìwà Mímọ́ Kì Í Ṣe Ìbálé: Àlàyé Lórí Hagneia Nínú Lẹ́tà sí Tímótì

Ní ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ kan tí a ṣe ní agbègbè Àgbádárìgì níbí, a ní kí àwọn ọmọ kọ ìbéèrè wọn sínú ìwé pélébé láì kọ orúkọ. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé bí wọ́n bá fipá bá ọmọbìnrin lò pọ̀, ṣé a ṣì lè kà á mọ́ àwọn tó ń gbé ìgbé ayé ìwà mímọ́? Pásítọ̀ tó kọ́kọ́ gba máìkì dáhùn pé aláàánú ni Ọlọ́run, yóò dárí jì í. Kò sí ẹni tó bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni Ọlọ́run fẹ́ dárí rẹ̀ jì í. Àwa náà tí a jókòó síbẹ̀ kò béèrè. Ìgbà tí a délé ni ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wá lọ́kàn.

Arákùnrin náà kì í ṣe òǹrorò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ń fi ẹnu pe ìwà mímọ́, ìbálé ló sì wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí pẹpẹ.

Àwọn àgbà túmọ̀ ìbálé sí pé ọkọ bá ìyàwó nílé. Láyé àtijọ́, ní alẹ́ ìgbéyàwó, aṣọ funfun ni wọ́n máa ń tẹ́ sórí ibùsùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ̀rí sì wà lára aṣọ, wọn a ránṣẹ́ ayọ̀ sí àwọn òbí ìyàwó pẹ̀lú owó àti akèrègbè ẹmu tó kún dẹ́nu. Bí kò bá sí ẹ̀rí, akèrègbè a dé láìkún, ìtìjú a sì bo agbo ilé. A kò fi àṣà yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé obìnrin nìkan ló ní ìbálé. Wọn kò tẹ́ aṣọ funfun fún ọkọ. Ara ni wọ́n sì ń yẹ̀ wò, wọn kò yẹ ìwà wò: ọmọ tí wọ́n fipá mú àti ọmọ tó fínnúfíndọ̀ lọ, aṣọ kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Ohun tó bá sì lọ, ó lọ náà nìyẹn.

Mímọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́ ni a ti fà á yọ. Aṣọ a máa mọ́, omi a máa mọ́, inú ènìyàn náà a máa mọ́. Ohun tó dọ̀tí lánàá lè mọ́ lónìí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fọ aṣọ. Bí a bá sì fi ìwà ṣáájú rẹ̀, a ti sọ pé ohun tí ènìyàn ń hù ni a ń sọ, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin.

Ìlú wa yìí ní ìpín nínú ìtàn Bíbélì Yorùbá. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845 ni Àjàyí Crowther, Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tó gba Townsend lálejò ní 1843 ti kú, ọ̀nà sì dí. Crowther àti Townsend dúró síbí di ọdún 1846. Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan jáde ní 1843. Ìtumọ̀ ìwé Róòmù tẹ̀ lé e ní 1850, odindi Bíbélì sì wà ní 1884. Nínú Bíbélì tí a jogún yìí, nígbà tí a dé 1 Tímótì 4:12, ìwà mímọ́ ni a bá níbẹ̀, kì í ṣe ìbálé. Lójú tiwa, àwọn atúmọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Hagneia ni Gíríìkì ẹsẹ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọ̀rọ̀ yìí hàn nínú Májẹ̀mú Titun, inú lẹ́tà kan náà sì ni méjèèjì wà, ní 4:12 àti 5:2. Tímótì ni a kọ ọ́ sí. Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ọkùnrin ni, ọ̀dọ́ ni, òun ló sì ń bójú tó ìjọ ní Éfésù. Ní ibi àkọ́kọ́, hagneia wà lára ohun tí yóò fi jẹ́ àpẹẹrẹ fún ìjọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀ àti ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ní ibi kejì, bí yóò ṣe máa bá àwọn ọ̀dọ́bìnrin ìjọ lò ni, bí ẹni ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin lò. Ọwọ́ pásítọ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti ń béèrè hagneia. Kò rán an lọ yẹ ọmọbìnrin kankan wò.

Àwọn tó tú Májẹ̀mú Láéláé sí Gíríìkì ti lo ọ̀rọ̀ náà ṣáájú, ní Númérì 6, fún ẹ̀jẹ́ Násírì. Ọkùnrin lè jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà, obìnrin lè jẹ́ ẹ. Bí ẹnì kan bá sì kú lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Násírì tí ẹ̀jẹ́ rẹ̀ bàjẹ́, ẹsẹ 9 sí 12 la ọ̀nà tí yóò gbà tún bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ìbálé kò ní irú ẹsẹ bẹ́ẹ̀. (Ẹni tó bá sì rò pé wúńdíá pàápàá jẹ́ ti obìnrin nìkan, kí ó ka Ìfihàn 14:4, kí ó wo àwọn tí a pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.)

Kí ló dé tí a ní ọ̀rọ̀ tó péye báyìí, tí ìbálé ṣì ń gba ipò rẹ̀? Àwa ọmọ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ tiwa. A ti fi ìwà mímọ́ ṣe orúkọ fún aṣọ wíwọ̀. Bí a bá kéde pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ a ó wàásù lórí ìwà mímọ́, ohun tí ìjọ ń retí ni yẹtí, ṣòkòtò obìnrin àti irun. Nígbà tí a bá wá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ibùsùn, a ó kọjú sí àwọn ọmọbìnrin, a ó ní, “Ẹ pa ara yín mọ́ fún ọkọ yín.” Mọ́ tó wà nínú gbólóhùn yìí kì í ṣe ti ìmọ́tótó. Pa mọ́ ni, bí a ṣe ń pa owó mọ́ sínú àpótí. Ọmọ náà ti di ohun ìpamọ́, ẹni tó ni í ló kù tí yóò wá gbé e.

Àyẹ̀wò oyún tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń béèrè kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀ wá láti ibẹ̀. A mọ ìdí tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀, a kò sì sọ pé kí ìjọ má ní ìbáwí. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun ìjelòó náà ni. Ìyàwó ń gbé èsì wá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọkọ, tí kò sí ẹni tó bi í ní ohunkóhun, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń tẹ fóònù.

Àwọn kan yóò ní bí a bá dẹwọ́ lórí ìbálé, àwọn ọmọ yóò bàjẹ́. Ohun tí Pọ́ọ̀lù béèrè ló le jù. Ọmọkùnrin lè má tíì mọ obìnrin rí, kí ó sì máa wo gbogbo arábìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin bí ẹran orí igbá. Kò ní hagneia. Pásítọ̀ lè ní ìyàwó kan ṣoṣo, kí ó máa pe ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún fún àdúrà àṣálẹ́ ní yàrá tó tì pa. Òun náà kò ní in.

Ní ti ọmọ tó kọ ìwé pélébé yẹn, Diutarónómì 22:25-27 ti dáhùn. Ó fi ọ̀ràn ọmọbìnrin tí wọ́n fipá mú nínú pápá wé ti ẹni tí wọ́n dìde sí tí wọ́n pa. Ẹni tí wọ́n pa kì í tọrọ ìdáríjì. Ẹni tó fipá mú un ló hu ìwà àìmọ́, ọ̀ràn rẹ̀ sì ti kúrò ní ti ìjọ nìkan: ilé ìwòsàn wà, ọlọ́pàá wà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní àjọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwà ipá abẹ́lé àti ti ìbálòpọ̀. Kí pásítọ̀ má fi àdúrà dí ọmọ náà lọ́nà ibẹ̀.

A kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, a tún ìbéèrè náà kà sókè, a dáhùn rẹ̀ bí a ti kọ ọ́ síbí, a sì tọrọ àforíjì fún ìdáhùn àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, 1 Tímótì 5:2 ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìgbaninímọ̀ràn fún àwọn tí a fẹ́ fi joyè òjíṣẹ́, ilẹ̀kùn yàrá tí a ti ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn sì ti ní gíláàsì.