Nígbà Tí Ìyá Bá Gbàgbé Orúkọ Ọmọ

Ẹ̀yin ènìyàn wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ tí àwọn ọmọ wa wà ní ìkáwọ́ yín, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ìbò, kì í sì í ṣe ti owó orí. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo orílẹ̀-èdè.

Nígbà tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a lọ kí ìyá àgbà kan tí í ṣe Yorùbá ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ìyá yìí ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa tẹ́lẹ̀. Àwọn olùtọ́jú wí fún wa pé kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá bi í ní ohun tí yóò jẹ, ògiri ni yóò máa wò. A bẹ̀rẹ̀ níwájú àga rẹ̀, a ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá." Ó yí ojú padà, ó wò wá títí, ó ní, "Kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?" Kò mọ ẹni tí a jẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohun tí a wí. Ilẹ̀kùn kan ṣì wà ní ṣíṣí nínú iyè rẹ̀, kò kàn sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni.

Àrùn wo nìyí?

Dìmẹ́ńṣíà ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Àwa a máa wí pé àgbà ń ṣarán, tàbí pé iyè rẹ̀ ti rà. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe agídí. Ọpọlọ ni ó ń ṣàìsàn. Irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí a fi orúkọ oníṣègùn Jámánì nì, Alois Alzheimer, pè, ẹni tí ó ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1906.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé àrùn òyìnbó ni. Láti ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun wà lára àwọn aṣáájú wọn, ti bẹ̀rẹ̀ sí yẹ àwọn àgbà tí ó ti tó ọdún 65 wò ní àdúgbò Ìdíkàn, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń yẹ àwọn aláwọ̀ dúdú wò ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé níbi tí àrùn náà ti ń mú 3.24 nínú 100 àgbà lọ́dún lọ́hùn-ún, 1.35 ni ó ń mú ní Ìbàdàn. Ti wa kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Bí àwọn tí ó ń dàgbà dàrúgbó bá sì ti ń pọ̀ sí i láàárín wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí yóò máa mú yóò pọ̀ sí i.

Ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni ó sábà ń kọ́kọ́ bọ́ nínú iyè. Ohun ìgbà èwe a máa pẹ́ kí ó tó lọ. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi lè gbàgbé oúnjẹ àárọ̀, síbẹ̀ kí ó kọ orin ìgbà ọmọge rẹ̀ láìṣìṣe. Ìdí náà ni pé èdè tí a kọ́ ní ilé-ìwé lè lọ, kí èdè abínibí sì kù.

Kì í ṣe ìdánwò

Àwa tí a jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ yìí le fún jù, nítorí a ti kọ́ láti máa ṣe àtúnṣe. Bí ọmọ bá ṣì í, a ó tún un ṣe. Ó dára nínú kíláàsì. Lọ́dọ̀ aláìsàn yìí, ìyà ni. "Ṣé ẹ dá mi mọ̀?" jẹ́ ìdánwò tí ìyá ti kùnà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ orúkọ yín fún un: "Màmá, èmi Àdùnní ọmọ yín ni mo dé."

Bí ó bá ń béèrè ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú láti ogún ọdún, tí a sì dá a lóhùn pé, "Bàbá ti kú, ṣé ẹ ti gbàgbé ni?" ìròyìn tuntun ni létí rẹ̀. Yóò sunkún opó. Lọ́la yóò tún béèrè, a ó sì tún sọ ọ́ di opó. Ó sàn kí a wí pé, "Ọkàn yín ń fà sí Bàbá. Oúnjẹ wo ni Bàbá fẹ́ràn jù?" A kò purọ́ fún un, àárò tí ń sọ ọ́ ni a dá lóhùn.

Ẹ máa gba iwájú wá, kí ó rí yín, kí ojú yín sì wà ní ìbámu pẹ̀lú ojú rẹ̀. Ìkúnlẹ̀ tí àwọn baba wa fi kọ́ wa kò ṣàìmọ èyí. Ẹ pa rédíò. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró de èsì. Dípò kí ẹ ní, "Kí ni ẹ ó jẹ?" ẹ gbé e síwájú rẹ̀: "Ṣé ẹ̀kọ ni, tàbí àmàlà?" Ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ẹ má sì bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá tán, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ kì í ní oríkì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí iyè àgbà bá dàrú lójijì láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ibà tàbí àìsàn mìíràn tí ó ní ìwòsàn lè wà nídìí rẹ̀.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kọ́ ní èdè ìyá rẹ̀, kí ni yóò fún un mu? Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fi ìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá, ẹ rántí ìyá tí ń wo ògiri ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ wọn ní kíkí àgbà, ẹ rán wọn lọ sílé láti lọ kọ oríkì ìdílé wọn wá. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ìyá àgbà fúnra rẹ̀, nígbà tí ó ṣì lè dáhùn, a ó ti ṣe ohun tí ó yẹ.