Owó Iṣẹ́ Abẹ Kò Tán Sí Ilé Ìwòsàn

Bí a bá ń yẹ ìwé ẹ̀yáwó wò ní Èmùrè-Ilé àti káàkiri àgbègbè Ọ̀wọ̀, ohun kan máa ń hàn sí wa. Ẹni tó fẹ́ yáwó ṣe iṣẹ́ abẹ yóò kọ owó dókítà, owó oògùn, àti owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ọ̀wọ̀. Kò ní kọ kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ fún oúnjẹ tí yóò jẹ nígbà tó bá padà délé. Bẹ́ẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún tó tún lè ṣe iṣẹ́ oko tó le. Kí ìgbà náà tó pé, owó á ti tán, omi ọbẹ̀ lásán ni aláìsàn á sì máa fi jẹ ẹ̀bà.

Ara tí a fi abẹ là dà bí ògiri tó ya: amọ̀ ni a fi ń dí i. Amọ̀ ara ni oúnjẹ tí àwọn dókítà ń pè ní pròtéènì: ẹyin, ẹja, ẹran, ẹ̀wà, wàrà àti ẹ̀gúsí. Agbára ni iyán ń fún ni ní tirẹ̀. Ẹni tó ń kọ ebè láti àárọ̀ nílò òkèlè ńlá. Ẹni tó dùbúlẹ̀ kò lo agbára tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà òkèlè ni kí á dín kù, kí á má dín ẹja kù. Ilé mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹyin àti ẹ̀wà gan-an ni wọ́n ń fi du aláìsàn, wọ́n á ní ó ń mú egbò kẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kòkòrò àìfojúrí tó wọ inú egbò ló ń mú un kẹ.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò èlé. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹni tó wọn kílò 60 nílò nǹkan bíi gíráàmù 72 sí 90 pròtéènì lójúmọ́. Ẹyin kan ní bíi 6. Ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi 13. Ẹja tó wọn gíráàmù 100 ní bíi 20. Ẹni tó bá jẹ ẹyin méjì, ife ẹ̀wà méjì àti ẹja gíráàmù 200 lójúmọ́ ti ní 78. Kò di dandan kí á pa ewúrẹ́.

Èso ńkọ́? Ní nǹkan bí ọdún 1939, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston ní Amẹ́ríkà, John Crandon, fi ara rẹ̀ dán an wò. Oṣù mẹ́fà ni kò fi jẹ ohunkóhun tó ní fítámì C, èyí tó wà nínú ọsàn. Ní oṣù kẹta wọ́n fi abẹ la ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀, ó jinná. Ní oṣù kẹfà wọ́n tún là á, egbò náà kọ̀, kò jinná. Ìgbà tí wọ́n fún un ní fítámì náà ló tó jinná. Ọsàn àti ìbẹ́pẹ wà lẹ́yìnkùlé wa níhìn-ín, síbẹ̀ bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni a ń gbé lọ kí aláìsàn! Ẹyin àti ọsàn ni kí á máa gbé lọ.

Ìdùbúlẹ̀ àti àwọn oògùn ìrora kan máa ń mú kí ìgbẹ́ le, kò sì yẹ kí ẹni tó ní ojú abẹ níkùn máa tiraka. Kí ó mu omi dáadáa, kí ó jẹ ẹ̀fọ́, kí ó sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ yí ilé ká bí dókítà bá ti gbà á láyè. Ìrìn náà kì í tún jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì sí iṣan ẹsẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn kíndìnrín, kí ó kọ́kọ́ béèrè ìwọ̀n oúnjẹ tirẹ̀ lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ̀yin akọ̀wé, bí ìwé ẹ̀yáwó iṣẹ́ abẹ bá dé iwájú yín, ẹ bi oníwèé pé: oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ sì máa san án, nítorí owó oúnjẹ tí a bá gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í pẹ́ di owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ.