Ṣé O Mọ̀? Orí Tí Ẹ̀dá Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Yàn

Ṣé o mọ̀ pé, nínú ìtàn Odù Ọ̀gúndá Méjì, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ẹ̀dá fi ń rìn lọ sí ilé Àjàlá, alámọ̀ tí ń mọ orí, ajígbèsè paraku, láti yan orí tí yóò gbé wá sáyé? Oríṣeékú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja gbé èyí tí ó wu ojú, àfi ìgbà tí òjò pa wọ́n lọ́nà ni wọ́n tó mọ̀ pé amọ̀ rẹ̀ kò jinná. Ṣùgbọ́n Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, tí ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀, tí ó rúbọ, tí ó bu iyọ̀ fún oníbodè tí ń fi eérú se ọbẹ̀, tí ó sì san gbèsè tí Àjàlá tìtorí rẹ̀ sá gun àjà, òun ni Àjàlá fi ọ̀pá irin yẹ orí wò fún. Lóòótọ́, àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá. Síbẹ̀, lójú tèmi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a fún láyè láti yàn, ẹnì kan ṣoṣo ni ó wádìí kí ó tó nawọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá tẹ ìtàn náà sínú ìwé ní 1975. Ẹ wá a kà.