Ẹ má tẹ mọ́tò agolo ọmọ yín fọ́ o! Irú ẹ̀ ló di òwò ńlá nílùú òyìnbó

Ẹni tó bá ń gba Ìkirè kọjá lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ á mọ dòdò Ìkirè dáadáa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí ẹlòmíì ìbá gbé dà sí ààtàn, òun làwọn ìyá Ìkirè ń gún, tí wọ́n ń fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n sì ń dín, títí tó fi sọ orúkọ ìlú di ohun táwọn èrò ọkọ̀ ń pè káàkiri. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ mọ́tò agolo rí. Pàǹtí làwọn ọmọ fi ń ṣe é, ọ̀pọ̀ òbí sì ń tẹ̀ ẹ́ fọ́ torí wọ́n kà á sí ìranù.

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó dàgbà n'Íkirè, l'Ápòmù àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ló ti ṣe é rí. Agolo mílíìkì tàbí ti sádìn ni bọ́dì. Sílípáàsì tó ti já ni wọ́n ń gé roboto fi ṣe táyà, wọ́n á wá fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un láàárín. Wọ́n á so igi gígùn mọ́ ọn, wọ́n á fi gìgísẹ̀ la títì sínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n á fi bíríkì tó ti kán ṣe bíríìjì, eré ìje bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tójú wọn là jù tún máa ń tú rédíò kásẹ́ẹ̀tì tó ti kú, wọ́n á yọ ohun kékeré tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní dáínámò, wọ́n á sì fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì gbé e. Mọ́tò á sáré lóòótọ́, àmọ́ ta ni yóò darí ẹ̀? Inú gọ́tà ló sábà máa ń bá ara ẹ̀.

Ìṣòro tó jọ èyí ló bá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Fred Francis. Lọ́dún 1947 ló dá ilé iṣẹ́ Minimodels sílẹ̀ ní England. Nígbà tó di 1952, ó gbé mọ́tò páànù kéékèèké jáde, ó pè é ní Scalex, wáíńdì ni wọ́n ń wáíńdì ẹ̀ kó tó sáré. Ó kọ́kọ́ tà gan-an, àmọ́ nígbà tó yá, ọjà dẹnu kọlẹ̀. Àbí kí lèèyàn fẹ́ fi mọ́tò ṣe tó jẹ́ pé bó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni, ìran lásán ló kù téèyàn máa wò?

Kí ni Francis ṣe? Ó fi dáínámò oníná sínú mọ́tò náà, ó fi rọ́bà ṣe títì fún un, ó sì la kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí títì yẹn. Nǹkan kékeré kan yọ lábẹ́ mọ́tò wọnú kòtò, òun ni kì í jẹ́ kó yà sígbó. Irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò ló ń gbé iná wá, ọwọ́ ẹni tó ń wa mọ́tò ni iná sì wà. Oṣù kìíní ọdún 1957 ni wọ́n pàtẹ ẹ̀ níbi ìpàtẹ nǹkan ìṣeré ní Harrogate, wọ́n pè é ní Scalextric. Lọ́dún 1958, ilé iṣẹ́ ńlá Lines Brothers rà á. Ẹ wá gbọ́ o: páànù, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe agolo, ni wọ́n fi ṣe bọ́dì àwọn tó kọ́kọ́ jáde!

Títí dòní, àwọn àgbà ọkùnrin ṣì ń fi ṣeré lókè òkun. Lọ́dún 2009, James May tó ń ṣètò lórí tẹlifíṣàn kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n to títì Scalextric yí ibi tí pápá eré ìje mọ́tò Brooklands wà tẹ́lẹ̀ ká, ó lé ní máìlì méjì ààbọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tórí wọn gbóná sí i jù kì í ra títì, pákó ni wọ́n fi ń kàn án fúnra wọn nínú ilé. Kàfíńtà Ìkirè náà lè ṣe é.

Púláwúùdù tó nípọn ló máa wà nísàlẹ̀. Bí kàfíńtà bá ní ẹ̀rọ tó ń la kòtò, kó la méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí íǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin wà láàárín wọn, kí mọ́tò má baà máa gbá ara wọn. Kòtò kọ̀ọ̀kan ò ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta lọ ní fífẹ̀. Bí kò bá ní ẹ̀rọ, kó kan púláwúùdù mìíì lé ti ìsàlẹ̀, kó sì fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí kòtò yẹ kó wà. Wọ́n á wá lẹ kọ́pà pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò lọ́tùn-ún lósì. Kọ́nà ni wọ́n ti ń mọ ọ̀gá. Ẹni tó bá kó iná lé e níbẹ̀, mọ́tò ẹ̀ á fò jáde bíi tata, ẹnì kejì á sì ti lọ.

NẸ́PÀ ńkọ́? Iná wọn ò pọn dandan. Nǹkan bíi volt 12 lọ̀pọ̀ mọ́tò yìí ń lò, iye yẹn náà ló wà nínú bátìrì ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n kí réwáyà fi fíúsì sí i o, torí bí wáyà méjì bá kanra, ó lè gbaná. Dáínámò tí bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì ń gbé ò sì gbọ́dọ̀ dé ìdí bátìrì ọ̀kadà. Volt 3 ni tiẹ̀, jíjó ló máa jó.

Ọ̀rọ̀ yìí ju eré lọ. Ọmọ tó bá kan títì yìí tán ti mọ bí iná ṣe ń rìn, ó ti mọ ìwọ̀n, ó sì ti mọ ìdí tí mọ́tò fi ń fò ní kọ́nà, kó tó dé kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ físíìsì. Lójú ọ̀nà kan náà tó gba Ìkirè kọjá, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, di ìròyìn káàkiri ayé lọ́dún 2014. Volkswagen tí wọ́n ń pè ní ìjàpá ló tún ṣe, ó fi pánẹ́ẹ̀lì tó ń gba oòrùn sórí ẹ̀, ó fi fáànù tí atẹ́gùn ń yí sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí méjèèjì máa fún bátìrì níná. Púpọ̀ nínú ohun tó lò, àlòkù táwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí fún un ni.

Fóònù ti ń gba agolo àti sílípáàsì lọ́wọ́ àwọn ọmọ báyìí. Mọ́tò inú fóònù dáa ní wíwò, àmọ́ kò sọ́mọ tó lè tú u palẹ̀ kó mọ ohun tó ń yí i. Kí ọmọ parí iṣẹ́ ilé-ìwé ẹ̀ ná, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Tó bá di ọlidé, ẹ bá a tọrọ púláwúùdù tó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ kàfíńtà àdúgbò. Bó bá sì ní kẹ́ ẹ wá bá òun díje, ẹ má kọ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ rọra ní kọ́nà.